Eré Kẹ̀kẹ́ Ayípo Láàrin Ìgboro: Láti Ouagadougou dé Ìlọrin

Àsọyé tòní dá lórí eré ìdíje kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà kò tíì fojú rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun èlò rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Eré náà ni eré kẹ̀kẹ́ ológeere tí wọ́n ń sá yípo ojú ọ̀nà kan láàrin ìgboro, lọ́dọọdún, ní ọjọ́ tí gbogbo ìlú ti mọ̀ sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí ènìyàn ń fi agbára ẹsẹ̀ wà, kì í ṣe Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé èrò láti Post Office lọ sí Tánkẹ̀ ní Ìlọrin.

Kí ni eré yìí gan-an? Critérium ni àwọn Faransé ń pè é, àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sì gba orúkọ yẹn lò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó lè rọrùn fún etí, eré ayípo ni àsọyé yìí yóò máa pè é. Nínú eré kẹ̀kẹ́ ọ̀nà jíjìn, àwọn aláré máa ń kúrò ní ìlú kan lọ sí ìlú mìíràn, wọ́n lè gun òkè, wọ́n lè la igbó kọjá, ó sì lè gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Eré ayípo kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà kúkúrú kan ni wọ́n ń yàn láàrin ìlú, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ kìlómítà kan sí mẹ́ta, tí ó ní igun mélòó kan, tí ó sì tún padà já sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá àti ẹ̀ṣọ́ ojú pópó yóò ti ọ̀nà náà pa fún wákàtí díẹ̀, ọkọ̀ kankan kò ní gba ibẹ̀ kọjá, àwọn aláré yóò sì máa yí i po lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí tí yóò fi di ìgbà 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kọjá ìlà ní ìyípo tó kẹ́yìn ló gba ipò kìíní.

Ta ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe láǹfààní jù? Òǹwòran ni. Ẹni tí ó bá dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà wo eré ọ̀nà jíjìn lè dúró láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ àtàrí, kí àwọn aláré sì kọjá lójú rẹ̀ fìrì, kí ó má sì rí wọn mọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nínú eré ayípo, láàrin ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n máa ń padà dé, nítorí náà ìyá tó ń ta wàrà kò ní láti gbé àtẹ rẹ̀ kúrò níwájú ilé kí ó tó rí eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọdé tó jókòó sórí odi lè mọ ẹni tó wà níwájú, ó lè mọ ẹni tí agbára rẹ̀ ti ń tán, ó sì lè pariwo orúkọ ẹni tó fẹ́ràn nígbà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí aláré náà yóò fi gbọ́. Eré tí ìlú lè wò láìkúrò lẹ́nu ọ̀nà ni, èyí sì ni olórí ìdí tí ó fi yẹ àwọn ìlú tí kò tóbi púpọ̀.

Ìbéèrè tó kàn ni pé, ṣé agbára ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń borí nínú eré yìí? Rárá o. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́ tí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ máa ń bá jà, nítorí pé bí kẹ̀kẹ́ bá ṣe ń yára sí i ni afẹ́fẹ́ ṣe ń tì í padà sí i, ó sì wọ́pọ̀ kí àwọn àgbà aláré sáré ju kìlómítà 40 lọ láàrin wákàtí kan. Ẹni tó wà níwájú ló ń la afẹ́fẹ́ fún àwọn tó kù, ẹni tó bá sì fara mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, tí táyà iwájú tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan táyà ẹ̀yìn ẹni iwájú, kò ní lo agbára tó pọ̀ tó ti ẹni yẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń tò tẹ̀lé ara wọn bí ìgbà tí ọ̀wọ́ lékeléke bá ń fò lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹni iwájú yóò sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kí ẹlòmíràn lè gba ipò rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ tó gbọ́n kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí wọ́n fẹ́ kó borí la afẹ́fẹ́ rárá títí di ìyípo tó kẹ́yìn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa là á fún un. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dé orí. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọn yóò fún ní ife ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti lo ara wọn tán kí ó tó dé ibẹ̀.

Igun ọ̀nà ni ọgbọ́n eré náà wà jù lọ. Aláré tó mọṣẹ́ yóò ti fọwọ́ kan bíréèkì kí ó tó dé igun, nítorí pé ẹni tó bá di bíréèkì mú nínú igun gan-an lè yọ̀ ṣubú. Bí ó bá ti ń wọ igun, kò ní wa kẹ̀kẹ́ mọ́. Yóò gbé ẹsẹ̀ tó wà níhà inú igun sókè, kí pẹ́dà má baà họ ọ̀dà ilẹ̀, yóò sì fi gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ kejì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ojú rẹ̀ yóò sì wà ní ibi tó fẹ́ jáde sí, kò ní wo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Yanrìn díẹ̀ tàbí epo ọkọ̀ tó dà sílẹ̀ lè mú ẹnì kan ṣubú, ẹni yẹn sì lè mú àwọn mẹ́wàá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣubú pẹ̀lú. Ẹni tó wà níwájú máa ń gba igun kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn ní láti dẹ̀rọ̀ nítorí èrò tó wà níwájú rẹ̀, kí ó sì tún fi gbogbo agbára sáré bá wọn. Bí ojú ọ̀nà bá ní igun mẹ́rin, tí ìyípo sì jẹ́ 40, a jẹ́ pé ìgbà 160 ni ẹni ẹ̀yìn yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí agbára rẹ̀ ń gbà tán nìyẹn, òun náà ló sì fà á tí gbogbo wọn fi máa ń jìjàdù láti wà níwájú láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

Aago ńkọ́? Kò sí eré ayípo tí kò ní aago lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ìparí. Bí wọ́n bá lù ú láàrin eré, ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá ìlà ní ìyípo tó tẹ̀lé e yóò gba ẹ̀bùn pàtàkì, tí ènìyàn lè pè ní ẹ̀bùn ojú ọ̀nà. Ó lè jẹ́ owó, ó sì lè jẹ́ ọjà tí oníṣòwò kan fi sílẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó wà ní òpópónà yẹn gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó mọ̀ pé òun kò lè gba ipò kìíní ṣe ń rí ohun tí yóò lé, tí eré náà kò sì ní í sú òǹwòran. Bí wọ́n bá tún lù ú nígbà tó ku ìyípo kan ṣoṣo, a jẹ́ pé òpin dé nìyẹn. Òfin méjì mìíràn tún wà tó yẹ kí olùgbọ́ mọ̀: ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́ tàbí tí ó bá ṣubú, wọ́n sábà máa ń fún un láàyè ìyípo kan láti tún un ṣe kí ó sì padà sáàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn tó wà níwájú bá ti ń sún mọ́ láti ẹ̀yìn, wọ́n máa ń ní kí ó bọ́ sílẹ̀, kí ó má baà di ìdíwọ́ fún wọn.

Ó ṣe é ṣe kí olùgbọ́ kan máa sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé eré òyìnbó ni gbogbo èyí, pé kò kan ilẹ̀ adúláwọ̀. Lóòótọ́, ní Yúróòpù ni ó ti gbilẹ̀. Lẹ́yìn Tour de France, ìyẹn eré kẹ̀kẹ́ ńlá tí àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1903, àwọn ìlú kéékèèké máa ń sanwó fún àwọn tó ti gbajúmọ̀ nínú eré náà kí wọ́n wá sá eré ayípo lójú pópó wọn, kí àwọn ará ìlú lè rí wọn lójúkojú. Ṣùgbọ́n irú eré yìí dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ó sì dé ní ọ̀nà tí gbogbo ayé kò gbàgbé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1959, Upper Volta ni wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ tó ń jẹ́ Burkina Faso lónìí. Wọ́n ti kéde rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè tó ń ṣe ìjọba ara rẹ̀ lábẹ́ àsíá Faransé ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1958, òmìnira kíkún sì dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 1960. Ní àsìkò tí ìjọba tuntun náà pé ọdún kan, Maurice Yaméogo tó jẹ́ olórí rẹ̀ pe àwọn gbajúmọ̀ aláré kẹ̀kẹ́ láti Yúróòpù wá sí Ouagadougou, olú-ìlú ilẹ̀ náà, kí wọ́n wá sá eré ayípo pẹ̀lú àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, kí wọ́n sì lọ ṣe ọdẹ lẹ́yìn rẹ̀. Lára àwọn tó wá ni Jacques Anquetil, tó ti gba Tour de France ní ọdún 1957, àti Raphaël Géminiani, òun náà ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ tóbi jù nínú wọn ni Fausto Coppi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ẹni 40 ọdún. Ọkùnrin yìí ti gba eré yíyí ilẹ̀ Ítálì ká lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ti gba ti ilẹ̀ Faransé lẹ́ẹ̀mejì, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba méjèèjì pọ̀ nínú ọdún kan ṣoṣo, ìyẹn ọdún 1949.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Ouagadougou? Wọ́n sá eré náà, ìlú wò ó, inú gbogbo ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó gba ipò kìíní kọ́ ni ìtàn fi ń rántí ọjọ́ yẹn. Iyàrá kan náà ni Coppi àti Géminiani jọ sùn, ẹ̀fọn sì jẹ àwọn méjèèjì. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tí ọmọdé ilẹ̀ yìí mọ̀ pé ó yẹ kí ènìyàn sá fún lálẹ́, àwọn àlejò yìí kò kà á sí. Nígbà tí wọ́n padà sílé, ibà líle kọlu àwọn méjèèjì kí ọdún tó parí. Ní ilẹ̀ Faransé, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ibà tí ẹ̀fọn ń fà ló ń ṣe Géminiani, wọ́n fún un ní kuníìnì, ó sì yè é lẹ́yìn tí kò ti mọ ibi tó wà mọ́ rárá. Ní ilẹ̀ Ítálì, àwọn dókítà Coppi rò pé àìsàn mìíràn ni. Àwọn ará ilé Géminiani pè láti ilẹ̀ Faransé láti sọ ohun tí wọ́n rí, wọn kò gbọ́ tiwọn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 1960, Fausto Coppi kú sí ilé ìwòsàn ní ìlú Tortona. Géminiani ní tirẹ̀ pẹ́ láyé títí di ọdún 2024, ó sì kú ní ẹni 99 ọdún.

Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ̀fọn kéré, ó sì pa ẹni tí òkè Alps kò lè dá dúró. Ìtàn yìí bani nínú jẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kékeré wò ó, nítorí pé ibà yẹn náà ló ṣì ń pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Áfíríkà títí di òní, tí orúkọ wọn kì í sì í jáde nínú ìwé ìròyìn kankan. Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣètò eré, ohun tó yẹ kí ó mú níbẹ̀ ṣe kedere: àwọ̀n ẹ̀fọn tó wà lórí ibùsùn àlejò ṣe pàtàkì tó ife ẹ̀yẹ tó wà lórí tábìlì.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ Ouagadougou tí àwọn tó ń kọ ìtàn Coppi kì í sábà mẹ́nu bà. Eré ọdún 1959 bá àlejò dé, ó sì bá àlejò lọ. Àwọn òyìnbó ni wọ́n pe ènìyàn wá wò, àwọn ọmọ ilẹ̀ sì wà níbẹ̀ láti bá wọn kún ojú ọ̀nà. Ohun tó wá pẹ́ nílẹ̀ ni èyí tí àwọn ará Burkina Faso fọwọ́ ara wọn gbé kalẹ̀ ní ọdún 1987, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè náà yí orúkọ padà. Tour du Faso ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe eré ayípo ní tòótọ́, nítorí pé láti ìlú dé ìlú ni wọ́n ń sá a, fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, lọ́pọ̀ ìgbà láàrin òpin oṣù Kẹwàá àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ibodè ìlú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá dé kò yàtọ̀ sí ti eré ayípo. Àwọn aláré láti Benin, Togo àti Ivory Coast máa ń wá, àwọn òyìnbó náà máa ń wá, àwọn ọmọ Burkina Faso fúnra wọn sì ti gba ipò kìíní lọ́pọ̀ ìgbà. Láti ọdún 2005 ni àjọ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé ti fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn eré tí wọ́n kà sí pàtàkì ní Áfíríkà. Báwo ni ó ṣe dé ibẹ̀? Kékeré ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń padà sídìí rẹ̀ bí àsìkò bá ti tó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìnira ilẹ̀ wọn ti dá a dúró rí.

Kí a má gbàgbé kókó ọ̀rọ̀: eré tó ń padà wá lọ́dọọdún ló ń mú aláré jáde. Ẹni tó mọ̀ pé eré ń bọ̀ lọ́jọ́ báyìí ló ń jí ní àárọ̀ kùtù láti wa kẹ̀kẹ́.

Àpẹẹrẹ tó dára jù fún ìlú kékeré wà ní Amẹ́ríkà, ní ìlú kan tó ń jẹ́ Somerville ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ìlú yìí kò tóbi rárá, nítorí pé àwọn olùgbé rẹ̀ kò ju nǹkan bí 12,000 lọ, iye tí àdúgbò mélòó kan ní Ìlọrin yóò gbà tán. Ní ọdún 1940, ọkùnrin kan tó ń ta kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, Fred Kugler, fẹ́ kí Furman ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ aláré, lè dije níwájú àwọn ará ilé rẹ̀. Òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà kí wọ́n sá eré ìdíje lójú títì ìjọba, nítorí náà wọn kò pè é ní eré ìdíje. Tour ni wọ́n pè é, tó túmọ̀ sí ìrìnkáàkiri, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí di òní. Furman gba ipò kìíní ní ọdún 1940, ó tún gbà á ní ọdún 1941. Carl Anderson ló gbà á ní ọdún 1942. Lẹ́yìn náà ni ogun àgbáyé kejì dá eré náà dúró, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjèèjì lọ sójú ogun, àwọn méjèèjì sì kú síbẹ̀. Nígbà tí ìlú tún bẹ̀rẹ̀ eré náà ní ọdún 1947, orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi sọ ọ́, ọjọ́ tí wọ́n sì ń sá a ni ọjọ́ tí gbogbo Amẹ́ríkà fi ń rántí àwọn ọmọ ogun wọn tó ṣubú, ní òpin oṣù Karùn-ún. Kìlómítà 80 ni àwọn àgbà aláré máa ń sá níbẹ̀, lójú pópó kan náà tí àwọn ènìyàn ń gbà lọ ra oúnjẹ.

Ẹ wo ohun tí ó gbé eré Somerville ró. Olówó ńlá kankan kò sí nídìí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kò sí nídìí rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù kan, ọmọ rẹ̀, ojú pópó kan, àti ọjọ́ kan tí kò yẹ̀. Ìbànújẹ́ ìlú náà wọnú rẹ̀, ó sì di tiwọn. Èyí ni ìyàtọ̀ tó wà láàrin rẹ̀ àti eré Ouagadougou ti ọdún 1959, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ àwọn tó sá ti Ouagadougou tóbi jù lọ fíìfíì.

Nàìjíríà ńkọ́? Abuja ní pápá eré kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní velodrome, ìyẹn ojú ọ̀nà tó rí bí ẹyin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga sókè kí kẹ̀kẹ́ má baà yọ̀, nínú ọgbà pápá ìṣeré ńlá tí wọ́n kọ́ fún ìdíje gbogbo Áfíríkà ti ọdún 2003. Ọmọ Nàìjíríà sì ti débi gíga nínú eré kẹ̀kẹ́. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Paris ní ọdún 2024, Ese Ukpeseraye sá eré ojú títì, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fún un láàyè láti dije nínú eré inú velodrome, kò sì ní irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Àwọn ará Jámánì ló yá a ní kẹ̀kẹ́ tó fi dije. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dun gbogbo ẹni tó bá fẹ́ràn ilẹ̀ yìí. Ọmọbìnrin náà ní agbára, ó ní ọkàn, ohun tí kò ní ni ìlú tó ti ń wo eré rẹ̀ tipẹ́ tó fi lè bèèrè pé kẹ̀kẹ́ dà. Ní ọdún yẹn kan náà, Biniam Girmay láti Eritrea di ẹni dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba ipò kìíní ní ọjọ́ kan nínú Tour de France, ó sì gbà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Kigali ní ilẹ̀ Rwanda gba àlejò ìdíje àgbáyé ti eré kẹ̀kẹ́ ojú títì, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó wáyé lórí ilẹ̀ Áfíríkà. Ojú títì ìgboro Kigali ni wọ́n yí po.

Ó wá ku Ìlọrin. Àwọn àgbà ìlú yìí mọ kẹ̀kẹ́ ológeere dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì rántí àsìkò tí Raleigh jẹ́ ohun iyì ọkùnrin, tí wòlé-wòlé àti tíṣà ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́, tí àgbẹ̀ ń so iṣu àti ọkà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wálé, tí ẹni tó ní in sì ń san owó ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kadà dé, Márúwá tẹ̀lé e, kẹ̀kẹ́ sì di ohun ìṣeré ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìlú tó mọ eré lórí ohun tí ènìyàn ń gùn ni Ìlọrin jẹ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní àsìkò Iléyá, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá fi aṣọ aláràbarà ṣe ẹṣin lọ́ṣọ̀ọ́, tí wọ́n sì gùn ún wá sí iwájú ààfin Ẹ́míà, gbogbo ìlú ló ń ya ọ̀nà fún wọn, èrò ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìsí ìjà, ọlọ́kọ̀ sì mọ̀ pé kò sí ọ̀nà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìlú tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹṣin mọ ohun tó gbà láti ṣe é fún kẹ̀kẹ́.

Ọ̀nà wo ló yẹ? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé eré yìí lọ sí Ọjà Ọba, nítorí pé títi ọjà pa yóò mú ìyà jẹ àwọn tó ń jẹun nínú rẹ̀. Àdúgbò GRA, nítòsí Ahmadu Bello Way, ló yẹ jù, nítorí pé ojú ọ̀nà fẹ̀ níbẹ̀, àwọn òpópónà tó já sí ara wọn wà, ilé ìtajà kò sì pọ̀ tó ti inú ìlú. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní láti fi ẹsẹ̀ rìn ín kí ó tó fi kẹ̀kẹ́ gùn ún. Gọ́tà tí kò ní ìdérí ní ẹ̀bá ọ̀nà lè ṣẹ́ aláré lẹ́sẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti fi pákó bò ó, tàbí kí wọ́n to àpò tí wọ́n rọ koríko gbígbẹ sí sí iwájú rẹ̀, pàápàá ní àwọn igun. Wọ́n ní láti dí kòtò, wọ́n ní láti gbá yanrìn kúrò, kò sì gbọdọ̀ sí ibi tí wọ́n mọ gegele sí lójú títì láti dẹ eré ọkọ̀. Akoto ṣe dandan fún gbogbo aláré, láti ọmọdé dé àgbàlagbà. Àjọ eré kẹ̀kẹ́ àgbáyé fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di dandan ní ọdún 2003 lẹ́yìn tí aláré kan ṣubú tó sì kú. Ọmọbìnrin tó wọ híjáàbù lè dé akoto lé e lórí, nítorí náà kò sí ìdí tí eré àwọn ọmọbìnrin kò fi ní wà níbẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́.

Owó ńkọ́? Kẹ̀kẹ́ eré tuntun tí àwọn ọ̀gá ń gùn wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní dandan ni kí ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn ọ̀gá. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ wà ní ọjà, àwọn tó ń tún un ṣe wà, àwọn ilé ẹ̀kọ́ sì wà tí wọ́n lè fi ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta ránṣẹ́. Kí eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣáájú, kí ìyípo wọn má ju mẹ́wàá lọ, kí ti àwọn àgbà tẹ̀lé e. Kí oníṣòwò tó fẹ́ kí ìlú mọ òun fi ẹ̀bùn ojú ọ̀nà sílẹ̀, ìbáà ṣe àpò ìrẹsì kan tàbí owó ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fún sáà kan. Kí ọkọ̀ aláìsàn àti nọ́ọ̀sì wà nítòsí. Kò sí èyí tó ju agbára ìlú tó tó Ìlọrin lọ.

Ohun kan ṣoṣo tí Ìlọrin kò tíì ní ni ọjọ́. Bí òní ti rí, ọ̀la kò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Eré tí kò bá ní ọjọ́ tirẹ̀, ìjọba tuntun kan ni yóò gbàgbé rẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀ ní ọdún 1967, ọjọ́ náà sì tún ni ọjọ́ àwọn ọmọdé ní gbogbo Nàìjíríà, tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kì í lọ sí kíláàsì. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje àárọ̀, eré yóò ti parí kí oòrùn tó le, bí ọjọ́ náà bá sì bọ́ sí Jímọ̀, gbogbo ènìyàn yóò ti délé wẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun.

Nítorí náà, ẹ̀yin àjọ tó ń rí sí eré ìdárayá ní ìpínlẹ̀ Kwara, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ oníṣòwò àti ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, iṣẹ́ dọ́wọ́ yín. Ẹ yan ojú ọ̀nà náà, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹ má sì dúró de gbajúmọ̀ kankan láti òkè òkun kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ fẹ́ táyà rẹ̀, kí ẹ ra akoto fún ọmọ yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa gùn ún.